Kámẹ́rà Tí O Kàn Mọ́ Ògiri Ti Gbé Àna Mi Wọ Yàrá Mi

Ẹ̀yìn Ilé Ìtajà Kọfí,
Kyalubu, lọ́nà Masaka.
Ọjọ́bọ̀.

Kasirye ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ìyàwó rẹ wà, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé ikọ́ tó ń bá èyí àbíkẹ́yìn fínra ti lọ? Mo kí onílé yín. Mo kí ẹni tó jókòó tì ọ́ níbi iṣẹ́, bí mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́run tó ń kó ọ yọ lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sáré àsápajúdé lójú ọ̀nà Masaka kò ní tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àwa náà wà níbí. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tó ti ń jò nígbà tí o wá ní Ọjọ́ Àjíǹde. Kọfí ti pọ́n lórí igi, àwọn èèyàn ti ń sá a sóòrùn, gbogbo Kyalubu ń rùn bí ọtí tó kan.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, kì í ṣe Nabukalu àbúrò rẹ ló bá mi kọ ọ́. Láti oṣù kejì ni mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú tí o sì kó mi kúrò lórí òkè wá sí ẹ̀yìn ilé ìtajà yìí, mi ò tíì ní ọ̀rẹ́ kankan níbí, ojú sì ń tì mí láti kọ́kọ́ bá àwọn obìnrin yòókù sọ̀rọ̀, nítorí náà mo kàn máa ń wò wọ́n ni. Tíṣà ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí gbólóhùn ti ń parí. Bí o bá rí ọ̀rọ̀ kan tó ń sáré lọ láìdúró, fara balẹ̀, yóò dúró níbì kan.

Ohun tó mú mi gbé kálámù kò kéré. Àyà mi já lọ́jọ́ tí kámẹ́rà yìí dé, kò sì tíì padà sí àyè rẹ̀ títí di òní.

Ọkùnrin tí o rán wá gun àkàsọ̀, ó kan ojú kan mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, ó fa okùn gba inú òrùlé wọlé tọ̀ mí wá, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré lé orí àpótí aṣọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ọmọ yín ní kí ẹ máa jókòó síbí, Màmá, kí ẹ máa ṣọ́ ọjà yín láìjáde síta. Ó tẹ nǹkan kan. Tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀. Kasirye, ta ni mo rí? Ssekitto. Ọkọ Nabukalu. Àna mi, lódindi, lórí àpótí tí mo kó àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi sí. Ó dúró láàárín àpò kọfí, ó ń fìka wa imú.

Mo kígbe, mo fa aṣọ bojú, mo sá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, mo fẹsẹ̀ gbá ìkòkò ọ̀gẹ̀dẹ̀ dànù. Ìwọ tí a bí ní Buddu wa níbí, tí a tọ́ dáadáa, ṣé Kampala ti mú ọ gbàgbé pé obìnrin kì í wo ojú ọkọ ọmọ rẹ̀ ni, pé wọn kì í jọ wà nínú yàrá kan náà, ká má tiẹ̀ wá sọ yàrá tí mo ń sùn? Ọdún mẹ́rin ni Ssekitto ti ń bá wa ra kọfí, aṣọ ìkélé ló wà láàárín èmi àti òun. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀, mo sọ ọ́ fún aṣọ ìkélé, aṣọ ìkélé á sì dá mi lóhùn. Bí a bá fẹ́ pàdé lọ́nà, á yà sínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí n ó fi kọjá. Àbí o ti gbàgbé ìyá Nnamale, tó fara kan ọkọ ọmọ rẹ̀ nídìí kànga, tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n títí ife kò fi lè dé ẹnu rẹ̀ mọ́? Èmi náà wo ọwọ́ mi ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó gbọ̀n díẹ̀. Nabukalu ní ebi ló ń pa mí.

Ọkùnrin náà ti sọ pé tẹlifíṣọ̀n yẹn kò gbọdọ̀ kú, mi ò sì fẹ́ kí nǹkan kú sí mi lọ́wọ́. Nítorí náà mo dúró títí Ssekitto fi lọ jẹun ọ̀sán, mo gun orí àpò kọfí, mo sì fi aṣọ pélébé kan bo ojú kámẹ́rà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe lójoojúmọ́. Bí Ssekitto bá lọ jẹun, n ó ṣí i kí ojú náà lè rí atẹ́gùn, kí Ssekitto tó dé, n ó tún bò ó. Mo rí i pé ojú náà gbẹ, kì í ṣẹ́jú, àánú ṣe mí, mo fi ìpara rà á díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹni tó bá wọlé ti ń rìn nínú kùrukùru. Ní ti nọ́ńbà àṣírí tí o ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, fi ọkàn balẹ̀. Ọkùnrin kámẹ́rà ní kí n tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, mo kọ̀ jálẹ̀. Ṣé fóònù ni mi ò mọ̀? Kò sí ohun tí a sọ fún un rí tí kò gbé tọ ẹlòmíràn lọ.

Ìwé tí o ní kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, pé KASIRYE Ń WÒ YÍN, àwọn tó mọ̀wé ń kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ní báyìí kò sí obìnrin tó ń gbé kọfí wá tí kì í kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ọ lókè ilẹ̀kùn. Wọ́n á béèrè bí o ṣe jí, wọ́n á béèrè ìyàwó rẹ, wọ́n á dákẹ́ kí o lè dáhùn. Bí aṣọ bá bò ọ́, wọ́n á rọra kí ọ, wọ́n á ní o ń sùn. Àwọn kan ti ń sọ pé owó ti gùn ọ́, o kì í jẹ́ kíkí mọ́.

Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀ kan. Nakimera arúgbó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń kí ọ, ó ti dé orí ọ̀rọ̀ òjò, ni ohùn rẹ bá jáde láti inú ògiri pé, "Ta ló bo ojú yìí?"

Kasirye. Ohùn rẹ, láìsí ara rẹ. Èmi wà lẹ́yìn, mo gbọ́ ọ. Ẹni tí a bá gbọ́ ohùn rẹ̀ tí a kò rí ara rẹ̀, ṣebí a mọ ibi tó wà. Mo ká ọwọ́ lérí, mo bú sẹ́kún. Nakimera fi àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó sá lọ sọ fún gbogbo ọjà. Wọ́n ti kó igi jọ, wọ́n ti ń dá iná òkú sí àgbàlá, ọkùnrin méjì ti gbé ọkọ́ dé, kí Nabukalu tó pè ọ́ lórí fóònù tí o sì ní o ń jẹ ẹ̀wà. Jọ̀wọ́, bí o bá tún fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ògiri, kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wa pé o wà láàyè.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ rẹ dé sórí fóònù Nabukalu. Ó kà á fún mi lẹ́yìn ilé. O ní fún oṣù mẹ́ta, kọfí tí a fi owó rà níbí kì í pé mọ́ bí ọkọ̀ bá gbé e dé ilé iṣẹ́ tó ń bó o, àpò bíi márùn-ún ló ń dín lóṣooṣù. O ní o wo gbogbo àwòrán tí kámẹ́rà tọ́jú, òkùnkùn lo rí. O ní ẹni tó bo ojú kámẹ́rà ni olè, Ssekitto nìkan ló sì ń wà níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Nígbà tí Nabukalu dé ibi tí o ti kọ olè, ó gbé fóònù sílẹ̀. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀. Ó dìde, ó ká ẹní rẹ̀, ó so ó, ó gbé e ti ògiri. Ilé bàbá ọkọ rẹ̀ wà ní erékùṣù lórí adágún, bí wọ́n bá lọ, ọmọ yẹn á ti máa rìn kí n tó fojú kàn án.

Ssenga gbọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin. Wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n má wá. Wọ́n jókòó lórí àga, èmi jókòó lórí ẹní. Wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kì í fi àna ṣọ́ ọjà. Wọ́n wá kọjú sí aṣọ ìkélé, kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gbọ́ dáadáa, wọ́n ní, "Ẹni tó ń jẹun lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ta ló ń ka òkèlè rẹ̀?"

Èmi ni mo bo ojú kámẹ́rà, Kasirye. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀, mi ò sọ ọ́. O mọ̀ mí. Láti ọjọ́ tí mo ti di ìyàwó ilé yìí, mi ò sọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ Ssenga rí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo lọ dúró níwájú aṣọ ìkélé, mo sọ fún un pé èmi ni. Ssekitto ní, "Ìyá, mo mọ̀. Mo rí ojú ẹsẹ̀ yín lórí àpò."

Ó mọ̀! Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti mọ̀, ó sì jẹ́ kí o pè é lólè, nítorí pé ọkọ ọmọ kì í ka ẹ̀sùn sí ìyá ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà.

Ó wá ní bí mo bá gbà, òun á gbé ojú náà kúrò lókè ilẹ̀kùn. Ó ní ibi tó wà kò wúlò, oòrùn ń tàn wá láti ẹ̀yìn àwọn tó ń wọlé, gbogbo wọn ń dúdú bí ìkòkò, àti pé kò tilẹ̀ sí ẹni tí a kò mọ̀ nínú wọn, kí ni à ń wo ojú wọn sí? Ó ní ìdí ìwọ̀n ni kọfí ti ń di owó, ìdí ìwọ̀n ló yẹ kí a wò. Ó fi ọtí waragi nu ìpara mi kúrò lójú rẹ̀, ó kàn án mọ́ òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n ńlá, nísàlẹ̀, kó máa wo irin ìwọ̀n àti ẹsẹ̀ àwọn tó dúró tì í, kó má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó wá lọ wọ bàtà rọ́bà tó gùn dé orúnkún, nínú ooru yìí, kí n má baà rí ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá.

Nígbà náà ni mo tó lè jókòó ti tẹlifíṣọ̀n rẹ. Kasirye, mi ò mọ ojú àwọn ará Kyalubu, ṣùgbọ́n mo mọ ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ayé, tí kì í gbé orí sókè, kí ló tún máa mọ̀? Tíṣà wa ń fi okùn funfun so bàtà ọ̀tún, okùn dúdú ló fi ń so tòsì. Nakimera kò ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ tòsì. Olórí ẹgbẹ́ akọrin ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti lu. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wá, mo ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, inú mi dùn bí ẹni tó lálejò. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ọjà. Ssenga gbé kọfí tiwọn dé, àpò mẹ́jọ, èyí tí wọ́n ń rà jọ lọ́wọ́ àwọn ará òkè. Mo rí sálúbàtà olódòdó tí o rà fún wọn ní Kérésìmesì. Wọ́n dúró sẹ́yìn àpò, wọ́n dì í mú kó má ṣubú, bí gbogbo ẹni tó ń tà ṣe ń ṣe. Ni ẹsẹ̀ ọ̀tún bá bọ́ jáde nínú sálúbàtà. Ó rọra wọ abẹ́ àpò, ó sì fi ìka rẹ̀ márààrún tẹ irin ìwọ̀n, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ ọmọ sùn. Ssekitto wà lódìkejì àpò gíga, ojú rẹ̀ wà lára ọ̀pá ìwọ̀n, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ àǹtí ìyàwó rẹ̀ láéláé. Ó kà á, wọ́n gbé àpò kúrò, ẹsẹ̀ padà sínú sálúbàtà. Mo ní eṣinṣin ló jẹ wọ́n. Àpò kejì dé. Ẹsẹ̀ tún jáde. Àpò mẹ́jọ, ẹsẹ̀ náà kò gbàgbé ẹyọ kan.

Ssenga tó kọ́ mi bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀! Ssenga tó mú Nabukalu lọ́wọ́ lọ sílé ọkọ! Mo fi ọwọ́ pa tẹlifíṣọ̀n náà lára, bóyá ó ń purọ́. Ó kàn gbóná ni.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Nabukalu. Ìyàwó ilé kì í dìde lọ́jọ́ kan kó pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lólè. Mo kàn rò ó. Mo ń rò ó ní kíláàsì, Tíṣà ní kí n wá kọ lẹ́tà kan sójú pátákó, mo lọ ya ẹsẹ̀ síbẹ̀.

Ìṣẹ́gun yìí, ìjẹta, mo sọ fún aṣọ ìkélé pé mo ń bọ̀ wá sínú ilé ìtajà, kí wọ́n ta aṣọ kan láti orí òpó sílẹ̀ ní ìhà ọ̀pá ìwọ̀n, kí Ssekitto wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ta á. Ssenga dé. Wọ́n gbé àpò àkọ́kọ́ sórí ìwọ̀n, wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo sì wọlé, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn mú.

Mo ní, "Ẹ kú ìrìn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ yìí ti ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi lọ́wọ́ mi."

Ẹsẹ̀ náà já lẹ́ẹ̀kan, bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Mi ò fi sílẹ̀. Mo béèrè ilé. Mo béèrè oko. Ssekitto ka ìwọ̀n lẹ́yìn aṣọ, ó ní àádọ́ta kílò. Ó tún un kà, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Àpò Ssenga kì í dín ní ọgọ́ta. Ssenga ní oòrùn ọdún yìí mú, ó ti fa kọfí gbẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n, oòrùn mú gan-an. Wọ́n gbé àpò kejì lé e. Mo béèrè àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àádọ́ta. Mo béèrè àwọn ọmọ ọmọ. Nígbà tí èèyàn tán, mo bọ́ sórí ewúrẹ́ wọn, lẹ́yìn ewúrẹ́ mo bọ́ sórí adìyẹ tó ń sàba. Kasirye, ẹnu mi tí kì í sọ̀rọ̀ yìí, mo kí Ssenga fún àpò mẹ́jọ.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìkúnlẹ̀ tòní gùn o."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá dé ní Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, n ó tún kúnlẹ̀."

Mo sì gbé orí sókè. Láti ọdún márùndínlógójì, mi ò wo ojú wọn rí. Ojú tiwọn ló kọ́kọ́ wálẹ̀. Wọ́n gba owó wọn, wọ́n lọ. Láàárọ̀ àná wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ti rò ó sí, pé Ssekitto ń ṣiṣẹ́ gan-an, kí o má ṣe kánjú lé ọmọ ọlọ́mọ.

O lè lọ wò ó fúnra rẹ, kámẹ́rà tọ́jú gbogbo rẹ̀. Wo ti Ìṣẹ́gun méjèèjì. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu mọ́. Má fi han ìyàwó rẹ, má sì sọ ọ́ nínú ògiri. Ssenga ló gbé ọ sẹ́yìn lọ sí ọsibítù nígbà tí èèyi fẹ́ pa ọ́, ọ̀nà náà jìn, ẹsẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi rìn ín. Ṣùgbọ́n kọ lẹ́tà sí Ssekitto, ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi kọ ọ́, kí o gba ọ̀rọ̀ olè yẹn padà. Nabukalu kò tíì tú ẹní. Ó ní ọ̀rọ̀ Ssenga kọ́ ló lé àwọn, ọ̀rọ̀ rẹ ni. Ilẹ̀ lásán ló ń sùn sí pẹ̀lú oyún yẹn, ẹní wà ní síso lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń wò ó bí mo ṣe ń kọ èyí.

Tí o bá ń fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, fi owó díẹ̀ sí i. Mo fẹ́ ra páànù méjì sórí ilé ìdáná, kí n ra aṣọ ìkélé tó nípọn ju èyí lọ, èyí ti ń fi òjìji hàn. Èyí tó kù, mo fẹ́ fi ra tìmùtìmù, kì í ṣe ti orí àga o, èyí tí n ó máa fi sábẹ́ orúnkún. Sìmẹ́ńtì ilé ìtajà yẹn le, orúnkún mi méjèèjì ti wú.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọ̀nà tí kò ní yọ̀, kí ó fún ọ ní oúnjẹ tí kò ní há ọ lọ́fun. Kí àwọn ọmọ rẹ bá ọ sọ òtítọ́ kó tó pẹ́ jù. Ohun tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ kó jọ, kí ó pé lórí ìwọ̀n níbí, kí ó pé níbi tó ń lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nalwoga.

Mo gbàgbé: Ìṣẹ́gun kò ní pẹ́ dé. Má jẹ́ kí owó tìmùtìmù pẹ́.